Àtúnṣe Tàbí Ìpààrọ̀: Ìtàn Fèrèsé Onípákó Lára Àwọn Ilé Àgùdà ní Èkó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn fèrèsé onípákó tí ó wà lára àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Erékùṣù Èkó lẹ́yìn tí wọ́n ti oko ẹrú ní ilẹ̀ Brazil padà wálé. Ó wo bí wọ́n ṣe ń kan fèrèsé náà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ilé, ohun tí ó mú kí àwọn onílé máa yọ ọ́ dànù, àti ipa tí ètò ogún jíjẹ ń kó nínú ọ̀rọ̀ náà. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá wó ilé àtijọ́ palẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í parun. Ojú fèrèsé ni ìparun náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ilé náà jù lọ. Iṣẹ́ náà parí pẹ̀lú àlàyé lórí bí a ṣe lè tún fèrèsé àtijọ́ ṣe láìfi ìgbé ayé ìrọ̀rùn du àwọn tí ń gbé inú ilé.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé ilé ju ògiri àti òrùlé lásán lọ. Inú ilé ni orúkọ, oríkì àti ìtàn ẹbí fara pamọ́ sí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ẹni tí ó kọ́ ọ, ọdún tí ó kọ́ ọ, àti ọnà tí ó wà lára ògiri rẹ̀. Fèrèsé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni mẹ́nu bà á.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fèrèsé wà lára ohun tí ó tètè máa ń yí padà jù lọ lára ilé. Kí ẹbí tó lè wó ògiri, wọn yóò ṣe ìpàdé. Kí wọ́n tó pààrọ̀ òrùlé, wọn yóò dá owó jọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lè pààrọ̀ fèrèsé yàrá tirẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kí ó tó di pé àwọn yòókù ti ibi iṣẹ́ dé. Nítorí náà, bí fèrèsé ilé àtijọ́ bá jẹrà, ìbéèrè tí ó dojú kọ onílé kì í ṣe ti káfíńtà àti iye owó nìkan. Ṣé kí a tún un ṣe ni, tàbí kí a yọ ọ́ kí a fi tuntun sí i? Ìbéèrè ìtàn ni, ìbéèrè ogún sì ni pẹ̀lú. Àwọn ilé Àgùdà ní Èkó ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé láti ara wọn ni àṣà fèrèsé ńlá tí ó kọjú sí títì ti gbilẹ̀ dé àárín ilẹ̀ Yorùbá.

Agbo Ilé Yorùbá Ṣáájú Àṣà Fèrèsé Ńlá

Inú agbo ilé ni Yorùbá ń gbé láyé àtijọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ agbo ilé yí àgbàlá ká. Ògiri amọ̀ nípọn, koríko tàbí ewé ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ibi sísùn àti ibi ìpamọ́ ẹrù ni yàrá jẹ́, òkùnkùn ibẹ̀ kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wáyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n sì ti ń gbàlejò. Láti àgbàlá ni atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fa àìsí fèrèsé ńlá. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn ń dá ooru ọ̀sán dúró. Ògiri tí kò ní ojú níta sì tún jẹ́ ààbò ní ìgbà ogun àti ìgbà ìkónilẹ́rú. Ní kúkúrú, ojú ilé wà nínú, ẹ̀yìn ilé ni ó kọ sí ìgboro. Àwọn míṣọ́nnárì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò mìíràn dé etíkun. Ilé alájà kan tí wọ́n parí ní Àgbádárìgì ní 1845, èyí tí a gbà pé òun ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní fèrèsé onípákó tí ó ṣí síta. Ṣùgbọ́n ilé àlejò ni ilé náà jẹ́ lójú ará ìlú. Àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn, àwọn tí wọ́n ti òkè òkun bọ̀, ni wọ́n sọ fèrèsé di ohun ilé onílé.

Ìpadàbọ̀ Àwọn Àgùdà àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Wọn

Ní 1835, àwọn ẹrú àti ẹni òmìnira tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìtẹ̀ sí ìjọba ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìdìtẹ̀ náà rì, ìjọba lé àwọn kan kúrò ní ìlú, ìnira tí ó bá àwọn tí ó kù sì mú kí ọ̀pọ̀ ẹni òmìnira wá ọkọ̀ ojú omi padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan sọ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Porto-Novo tí Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, àwọn kan sì sọ̀ sí Èkó. Ìpadàbọ̀ náà pọ̀ sí i lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá kọlu Èkó ní 1851 tí ó sì gba ìlú náà ní 1861. Kò dúró títí di ìgbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú ní 1888.

Àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Èkó ni a mọ̀ sí Pópó Àgùdà, ní agbègbè òpópónà Bámgbóṣé, Campos àti Igbó Sẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mú owó bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n mú bọ̀. Wọ́n jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alágbẹ̀dẹ. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn ọ̀gá tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross ti àwọn Kátólíìkì ní nǹkan bí 1880. João Baptista da Costa ni ọ̀gá tí ó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ Àgùdà kò mọ ẹ̀sìn. Ọwọ́ tí ó kan fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ó kan ti mọ́ṣáláṣí. João Esan da Rocha, tí wọ́n kó lọ sí Brazil ní kékeré, padà dé, ó sì kọ́ ilé ńlá sí òpópónà Kákàwà. Kànga tí ó gbẹ́ sí ibẹ̀, tí ó ń ta omi rẹ̀, ni ó sọ ilé náà di ẹni mímọ̀ ní ìlú.

Ohun tuntun tí ó wà nínú ilé Àgùdà ni pé ó yí ojú ilé padà. Ilé náà kọjú sí títì, fèrèsé gíga sì tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lára rẹ̀, nísàlẹ̀ àti lókè. Láti ojú fèrèsé wọ̀nyí ni àwọn obìnrin ilé ti ń wo eré Kàrẹ́tà ní ọjọ́ ọdún, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń wo Èyọ̀ bí ó bá ń kọjá, ibẹ̀ náà ni àgbà ti ń kí ẹni tí ń lọ lójú títì láìsọ̀kalẹ̀. Àgbàlá kò parẹ́, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ẹbí ti ní ojú méjì: ọ̀kan sí ara wọn, ọ̀kan sí ìlú. Nígbà tí owó kòkó dé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò àti àgbẹ̀ olówó ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde, Abẹ́òkúta àti Iléṣà gba irú ilé yìí gẹ́gẹ́ bí àmì ọlá. Káfíńtà tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà ni ó gbé iṣẹ́ náà dé ibẹ̀.

Bí Fèrèsé Onípákó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kí a tó lè dá ẹjọ́ láàárín àtúnṣe àti ìpààrọ̀, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí fèrèsé náà ń ṣe. Igi líle, pàápàá ìrókò, ni wọ́n sábà fi ń kan án, nítorí pé ikán kì í tètè borí rẹ̀, òjò kì í sì í tètè jẹ ẹ́ rà. Férémù ni ó kọ́kọ́ wọ inú ògiri. Lẹ́yìn náà ni ewé fèrèsé méjì tí ó ṣí síta bí apá ẹyẹ. Káfíńtà kì í fi ìṣó so igi inú ewé náà pọ̀. Ó máa ń gbẹ́ ihò sí ara igi kan, ó sì máa ń gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu èkejì, kí ọ̀kan lè wọ inú ọ̀kan ṣinṣin. Èyí ni ó jẹ́ kí ó ṣeé tú, kí ó sì ṣeé tò padà.

Lára àwọn fèrèsé kan, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò dagun sí àárín ewé náà. Bí òjò bá ń rọ̀, omi yóò ṣàn sílẹ̀ lára pákó náà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn yóò máa wọlé. Bí oòrùn bá mú, ìtànṣán kò ní wọ yàrá tààrà. Ẹni tí ó wà nínú yóò rí ìta, ẹni tí ó wà níta kò ní rí inú. Lókè fèrèsé ni wọ́n tún máa ń ṣe ojú kékeré kan sí, tí ó tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí dígí tàbí ọnà igi wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ooru a máa lọ sókè. Níbi tí wọ́n bá ti fi ọnà igi oníhò sí ojú òkè yìí, ibẹ̀ ni ooru yàrá ń gbà jáde nígbà tí atẹ́gùn tútù bá ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Àjà gíga, fèrèsé gíga àti ojú òkè jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Bí a bá yọ ọ̀kan, àwọn tí ó kù kò ní lè ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ.

Ohun Tí Ó Fa Ìpààrọ̀

Kò ní bójú mu kí a dá àwọn onílé lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ fèrèsé kò kéré. Èkó wà létí òkun, iyọ̀ inú atẹ́gùn sì máa ń jẹ irin tí ewé fèrèsé fi ń yí. Bí a kò bá kun igi ní ọ̀dà fún ọdún púpọ̀, omi yóò wọ̀ ọ́. Ẹ̀fọn náà jẹ́ ọ̀ràn. William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ oníṣègùn, ta ko ibà kíkankíkan. Ó gbẹ́ ojú omi tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, ó sì gba lílo nẹ́ẹ̀tì onírin lójú fèrèsé níyànjú. Nẹ́ẹ̀tì dá ẹ̀fọn dúró, ṣùgbọ́n ó dín atẹ́gùn kù pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ìlera àti ìtura ti ń fa fèrèsé mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni fèrèsé onídígí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń pè ní lúfà gbilẹ̀. Ó mọ́lẹ̀, ó rọrùn láti ṣí, ó sì jẹ́ àmì ọ̀làjú ní àkókò òmìnira. Ní ìparí ọ̀rúndún náà ni fèrèsé alumíníọ́ọ̀mù tí à ń tì sí ẹ̀gbẹ́ gba ipò lọ́wọ́ lúfà. Ìbẹ̀rù olè mú kí àwọn onílé fẹ́ ohun tí ó ṣeé tì pa. Ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ mú kí wọ́n fẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí ìta wọlé. Ẹ̀rọ amúlétutù sì béèrè fún yàrá tí kò ní ihò. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ilé ìsàlẹ̀ ní Erékùṣù Èkó di ṣọ́ọ̀bù, fèrèsé ìsàlẹ̀ sì di ilẹ̀kùn ọjà.

Ìdí wọ̀nyí múná dóko, ṣùgbọ́n àbájáde wọn tọ́ sí àyẹ̀wò. Fèrèsé tí à ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí pé ewé kan máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì ni. Dígí rẹ̀ ń gba oòrùn wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde. Bí iná bá lọ, yàrá náà yóò gbóná ju bí ó ti wà ní ìgbà tí bàbá àgbà kọ́ ọ lọ. Bákan náà, ihò fèrèsé àtijọ́ máa ń ga ju ti òde òní lọ, nítorí náà bíríkìlà yóò fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì dí apá kan rẹ̀, yóò sì gé orí òṣùmàrè náà kúrò. Bí ògiri náà bá jẹ́ ti amọ̀, sìmẹ́ńtì yóò há ọ̀rinrin mọ́ inú rẹ̀, ògiri yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹni tí ó rò pé fèrèsé ni òun pààrọ̀ ti dá ọgbẹ́ sí ògiri lára.

Ogún Jíjẹ àti Ojú Ilé

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ń kọ nípa ìtọ́jú ilé àtijọ́ kì í sábà kà sí: ètò ogún. Ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà ni ó ti di ilé ẹbí. Ní àṣà Yorùbá, bí ẹni tí ó kọ́ ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ rẹ̀ ni ó jogún ilé náà pọ̀. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí, ni yóò máa ṣe olórí, ṣùgbọ́n kò lè tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí ilé ẹjọ́ gíga Èkó gbọ́ ní 1908 àti 1909 lórí agbo ilé ẹbí Mabinuori, fi ìdí ọ̀pọ̀ nínú òfin yìí múlẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi, èyí tí ó ń pín ogún ní iye ìyàwó tí ó bímọ, ṣì jẹ́ àṣà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé orí-ò-jorí, èyí tí ó ń pín in ní iye ọmọ, kì í ṣe ohun tí ó rọ́pò rẹ̀.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú fèrèsé? Bí wọ́n bá pín ilé ní ìdí-igi, ìdí kan yóò gba yàrá méjì lókè, ìdí kejì yóò gba ìsàlẹ̀, ìdí kẹta yóò gba ọwọ́ ẹ̀yìn. Ilé náà kò ní ṣeé tà, kò sì ní ṣeé tún ṣe pọ̀, nítorí pé owó kò dọ́gba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tún ṣe láìbéèrè ni yàrá tirẹ̀, fèrèsé sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí ilé àtijọ́ kan tí fèrèsé onípákó ṣì wà ní igun kan rẹ̀, tí lúfà wà ní àárín, tí alumíníọ́ọ̀mù ń dán ní igun kejì. Ẹni tí ó mọ ìwé ilé kà lè wo iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ẹni tí ó ń fi yàrá ṣe owó, àti ìyá àgbà tí kò ní ẹni tí yóò bá òun pààrọ̀ ti òun. Nígbà mìíràn, fèrèsé ẹni tí kò lówó ni ó máa ń jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù nípa bí ilé náà ti rí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé àwọn ẹbí ka ògiri sí ohun àjùmọ̀ní, ṣùgbọ́n wọ́n ka fèrèsé sí ohun ẹni. Ìpínyà yìí ni ó ń pa ojú ilé. Bí ilé bá jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ojú tí ilé náà fi ń wo ìlú kò lè jẹ́ ti ẹnì kan.

Òfin àti Ẹ̀kọ́ Ilójò Bar

Ìjọba kò ṣàìmọ̀ pé ilé àtijọ́ níye lórí. Òfin nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní 1953, òfin kejìdínlọ́gọ́rin dín kan, ìyẹn òfin 77 ti 1979, ni ó sì dá àjọ tí ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ìrántí ní Nàìjíríà sílẹ̀. Ilé kan tí òfin náà ti dáàbò bò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Ilójò Bar, nítòsí Gbàgede Tinúbú. Ẹbí Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855. Ẹbí mìíràn rà á ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí òṣùmàrè wà lára ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dá a mọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ariwo tí ó tẹ̀lé ìwólulẹ̀ náà pọ̀, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù ni pé ìkéde kì í ṣe ìtọ́jú. Òfin lè ní kí a má wó ilé. Kò lè kun fèrèsé ní ọ̀dà. Bí fèrèsé bá jábọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé e padà, òjò yóò wọ yàrá. Bí òjò bá wọ yàrá, àjà yóò jẹrà. Bí àjà bá jẹrà, wọn yóò ní ilé náà léwu, wọn yóò sì rí ìdí láti wó o. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Fèrèsé tí ó bàjẹ́ ni ẹnu tí ògiri kọ́kọ́ máa ń là.

Àwọn kan a máa fi òwe gbe ìwólulẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ó ní ààyè tirẹ̀. Ìyà tí a kò lè yẹ̀ ni òwe náà ń tu ènìyàn nínú lé lórí. Kò sọ pé kí a dáná sun ààfin kí ẹwà lè dé.

Bí A Ṣe Lè Ṣe Àtúnṣe

Ọ̀pọ̀ fèrèsé tí wọ́n ń kó dànù ni kò tíì kú. Ìsàlẹ̀ férémù àti ìsàlẹ̀ ewé ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ náà sì ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà tí ó mọṣẹ́ yóò fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi náà láti mọ ibi tí ó ti rọ̀. Yóò gé apá tí ó jẹrà kúrò ní dídagun títí yóò fi kan igi líle, yóò sì lẹ ìrókò gbígbẹ tí ìlà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu mọ́ ọn. Bí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá kán, àwọn nìkan ni yóò pààrọ̀. Bí irin bá ti dípẹtà, irin nìkan ni yóò pààrọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò kun gbogbo ara rẹ̀ ní ọ̀dà, títí kan etí tí ojú kò rí. Igi tí wọ́n gé láti ara ìrókò tí ó ti gbó sábà máa ń lágbára ju pákó igi kékeré tí à ń rà lọ́jà lónìí lọ. Ẹni tí ó kó o dànù ti kó ọrọ̀ dànù.

Bí fèrèsé bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìpààrọ̀ kò di èèwọ̀. Ìwé àdéhùn tí àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ilé ìrántí fọwọ́ sí ní Venice ní 1964 sọ pé ohun tuntun tí a bá fi rọ́pò ohun tí ó sọnù gbọ́dọ̀ bá ilé mu, kí ó sì ṣeé dá mọ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Nítorí náà, kí káfíńtà tó yọ fèrèsé, ó yẹ kí wọ́n wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Kí wọ́n tọ́jú ọ̀kan pamọ́ kí ó jẹ́ àwòkọ́ fún ti tuntun. Lára ti tuntun, kí wọ́n kọ ọdún sí ẹ̀yìn férémù.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí ń gbé inú ilé náà ní ojútùú. A lè so nẹ́ẹ̀tì mọ́ férémù fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ṣeé yọ, kí a sì gbé e sí inú, lẹ́yìn ewé fèrèsé. A lè fi irin adènà olè sí inú láìgbẹ́ ògiri iwájú. Ẹ̀rọ amúlétutù lè wà ní yàrá tí ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò pa ojú ilé, ọmọ tí ó bá sì dàgbà lọ́la lè yọ wọ́n kúrò.

Àfiwé Kúkúrú Pẹ̀lú Salvador

Ní Salvador, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn Àgùdà ti kọ́ṣẹ́, irú fèrèsé yìí ṣì wà lára ilé ní àdúgbò Pelourinho. Brazil dá àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1937, àjọ UNESCO sì fi àárín ìlú Salvador sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1985. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá níbẹ̀ ní 1992, ilé rẹwà, fèrèsé gba ọ̀dà, àlejò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tálákà tí ń gbé àdúgbò náà kúrò, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìran Áfíríkà. Fèrèsé wà, ẹni tí yóò yọjú níbẹ̀ kò sí mọ́. Èkó ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ilé tí a kò tọ́jú yóò wó. Ilé tí a tọ́jú tí a sì lé onílé jáde ti di àwòrán.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé fèrèsé onípákó ilé Àgùdà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ó jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú fi gba ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé bọ̀ wálé. Ó jẹ́ ọgbọ́n tí ó bá ooru àti òjò ilẹ̀ wa mu. Ó sì jẹ́ ìwé tí ìtàn ẹbí wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń pa á kì í ṣe òjò àti ikán nìkan. Ohun tí ó tún ń pa á ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá tún ti ara rẹ̀ ṣe nínú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn.

Nítorí náà, ibi tí ó yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpàdé ẹbí, kí ó tó dé ọ́fíìsì ìjọba. Ó yẹ kí olórí ẹbí ka fèrèsé iwájú ilé mọ́ ohun àjùmọ̀ní tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá fọwọ́ kàn. Ó yẹ kí wọ́n ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ilé fún ọ̀dà àti irin. Ó sì yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fi iṣẹ́ ihò àti ahọ́n kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ káfíńtà, nítorí pé bí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá tán, kò sí òfin tí yóò lè tún un ṣe. Ilé la ó wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ó má di ọjọ́ kan tí ọmọ yóò dé, tí ilé náà kò ní ní ojú tí yóò fi wò ó.